Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Ẹrù Ránṣẹ́ Láti Àbújá

Ẹ má rò pé ẹ̀ka kọ́ríà tó ń gbé ẹrù káàkiri Nàìjíríà àti èyí tó ń gbé e lọ òkè òkun kò kan ara wọn. Ẹrù Toronto tí ẹ fi sílẹ̀ ní Kubwa, ọkọ̀ abẹ́lé ló máa kọ́kọ́ gbé e. Bí ọkọ̀ yẹn bá pẹ́, bàálù kò ní dúró dè é. Torí náà, ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ ń gbéra, ẹ má ṣe dé nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ọ́fíìsì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí ènìyàn gbé ẹrù lọ sí gáréèjì Jabi, kí awakọ̀ gbé e fún ojúlùmọ̀ kan ní Èkó, kí ojúlùmọ̀ náà wá fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Owó lè dín díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí páálí bá ya, ta lẹ fẹ́ mú? Awakọ̀ á ní òun ti gbé e dé láyọ̀. Kọ́ríà Èkó á ní bí òun ṣe gbà á nìyẹn. Lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, láti Àbújá dé ẹnu ọ̀nà ọmọ yín, nọ́ńbà kan ló ń tọpa rẹ̀. Ti EMS, ìyẹn ẹ̀ka ìfẹrùránṣẹ́ kíákíá ti ilé ìfìwéránṣẹ́, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 13, NG ló sì máa ń parí èyí tó bá gbéra láti Nàìjíríà. Ẹ tọ́jú rísíìtì tí nọ́ńbà yẹn wà lórí rẹ̀.

Ẹ má kọ "ẹ̀bùn" lásán sórí fọ́ọ̀mù. Ohun tí akọ̀wé Kubwa bá tẹ̀ ni kọ́sítọ̀mù ìlú òkèèrè máa kà, nítorí náà ẹ sọ pé aṣọ òkè ni, iye rẹ̀, àti iye owó rẹ̀ gan-an. Ẹ má sì fi páwà báǹkì pamọ́ sáàárín aṣọ: bátìrì lítíọ́mù lè gbiná nínú bàálù.

Páálí ńlá fún ẹrù fúyẹ́ náà ń jẹni lówó. Ọ̀pọ̀ kọ́ríà ń fi gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà lu ara wọn, wọ́n á sì fi 5,000 pín in láti mọ kílò tí wọ́n máa gba owó rẹ̀. Páálí 50 × 40 × 40 di kílò 16, bí aṣọ inú rẹ̀ kò tilẹ̀ ju kílò 6 lọ.

Bí ẹrù bá ń bọ̀ wálé ńkọ́? "Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, Nyanya" kò tó. Ẹni tó gbà á ní London kò mọ Nyanya; ọlọ́kadà tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ yín ló nílò nọ́ńbà fóònù tó ń lọ. Kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kọ +234, kí ó yọ òdo iwájú kúrò.