Omi Ni, Kì Í Ṣe Abo Ẹja

Mo gún abo ẹja àrọ̀ mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó lálẹ́, mo fún ẹyin rẹ̀ jáde láàárọ̀, mo sì da àtọ̀ akọ lé e. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ẹyin inú agbada ti funfun báláú bí ìrẹsì sísè. Èyí tó bá ti funfun báyẹn kò lè di ọmọ mọ́. Abo ni mo dá lẹ́bi. Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ àtọ̀ akọ yín wò?"

A pa akọ kan. Àpò àtọ̀ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń ṣàn bí omidùn. Mo wá rántí ibi tí mo ń sìn wọ́n sí: àjẹkù oúnjẹ ń jẹrà nísàlẹ̀, omi ọ̀hún sì ń rùn bí ìtọ̀. Ẹja àrọ̀ kì í tètè kú nínú irú omi bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń yọrí gba afẹ́fẹ́. Ohun tó ń tan àwa tá a ń sìn ín jẹ nìyẹn. Ara rẹ̀ lè dá ṣáṣá lójú wa, kí àtọ̀ rẹ̀ ti bà jẹ́.

Àbúrò yẹn fi àtọ̀ díẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kò sí èyí tó ń mira. Ó kán omi kan ṣoṣo sí i, gbogbo wọn bá ń sáré kitikiti. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. N kò tíì ka dé 60 tí èyí tó pọ̀ jù fi dákẹ́. Àyà mi já. Omi ẹ̀rọ ni mo máa fi ń ṣan àpò àtọ̀ kí n tó gé e, ọwọ́ mi á sì tutù rinrin. Èmi fúnra mi ni mo ń ta wọ́n jí kí wọ́n tó kan ẹyin.

Mo kó akọ 3 sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, lábẹ́ ibòji. Omi kànga ẹ̀rọ kì í ní atẹ́gùn tó bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí náà mo ń jẹ́ kó já láti òkè bọ́ sínú táǹkì, kó sùn mọ́jú, kí n tó fi pààrọ̀ tiwọn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo nu ọwọ́, ọ̀bẹ, abọ́ àti àpò àtọ̀ gbẹ. Lọ́tẹ̀ yìí àpò náà sanra, ó funfun bíi wàrà. Mo gé e, mo fún un sínú omi oníyọ̀ tí wọ́n máa ń fà sí aláìsàn lára, torí ìyẹn kì í ta wọ́n jí. Mo dà á lé ẹyin, mo fi ìyẹ́ adìẹ rò ó pọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó bu omi tó mọ́ sí i, tí mo tún rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí agbada. Èyí tó funfun wà níbẹ̀, àmọ́ etí agbada nìkan ni. Ìyókù ń dán, àwọ̀ wọn bí ewé tó ń gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í jà pìtìpìtì nínú wọn.

Akọ 2 tó kù ṣì wà lábẹ́ ibòji. N kò ní dá wọn padà sínú omi àtijọ́ yẹn.