IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó jẹ owó mi

₦12,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún IC kan ṣoṣo, ẹ̀yà iná dúdú kékeré tí wọ́n ń jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Owó tí wọ́n fi gbé e wá láti Èkó kò sí nínú rẹ̀ o. Irú IC yẹn kan náà, ọgọ́rùn-ún mélòó kan náírà ni wọ́n ń tà á nígbà náà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò ní Ìbàdàn níbí. Ṣùgbọ́n olùtajà tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní JRC4558D ojúlówó ni, láti Jàpáànù, irú èyí tó wà nínú pẹ́dà gìtá Tube Screamer àtijọ́, pé pẹ́dà yẹn gan-an ni Stevie Ray Vaughan, onígìtá blues, fi ń da orí àwọn ará Amẹ́ríkà rú. Ó ní bí mo bá fi òmíràn síbẹ̀, kí n gbàgbé ohùn gidi. Mo sanwó. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Pẹ́dà overdrive tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè gbóná, ẹ̀dà Tube Screamer ni. TS808, Tube Screamer àtijọ́ kan, ni wọ́n wò ṣe é. Lálẹ́ ìsọjí kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá wa to irinṣẹ́ fa àdápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù wá, ó sì tì í bọ pẹ́dà mi. Òórùn jíjó ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ó ṣáà wọlé." Ó ṣáà wọlé! Àdápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù yẹn, 12V ni, pọ́sítíìfù ló sì wà láàárín ẹnu rẹ̀. Pẹ́dà gìtá ń fẹ́ 9V, nẹ́gẹ́tíìfù láàárín. Kì í ṣe 12V yẹn ló pa IC, torí pé 4558, irú IC tó wà nínú rẹ̀, lè gba 36V láìmì. Iná tó gba ẹ̀yìn wọlé ló pa á.

Yíyọ èyí tó jóná kò ní ìtàn kankan. Mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fa lẹ́ẹ̀dì, mo pààrọ̀ dáyọ́ọ̀dù ẹnu iná tó bá a jó, mo wá jó sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ síbẹ̀ kí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì má baà tún kan pánẹ́ẹ̀lì náà mọ́. Ẹni tó bá ti tún rédíò ṣe rí mọ̀ ọ́n. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fi ń yangàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

IC olówó gọbọi dé. Mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé àmì orí rẹ̀ kọjú síbi tó yẹ, mo so gìtá mọ́ ọn. Ó dún. Bí mo bá lu okùn tagbáratagbára, ó fẹ́ jọ ohùn ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ohùn bá ń lọ sílẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí okùn ṣe ń sinmi báyìí, ariwo hẹ́rẹhẹ̀rẹ kan á wọlé, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa bébà ya díẹ̀díẹ̀, kò sì ní í dákẹ́ títí ohùn náà yóò fi kú. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ìyẹn lu orin ìjọsìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ wo ojú pásítọ̀.

Mo ní lẹ́ẹ̀dì ló gbẹ. Mo tún gbogbo ojú rẹ̀ jó. Ariwo ò lọ. Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé, kò lọ. Mo pààrọ̀ wáyà gìtá. Mo fẹ̀sùn kan jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ni mo bá yọ àdápítọ̀, mo fi bátìrì 9V sí i. Ariwo yẹn jókòó síbẹ̀. Mo kọ̀wé sí olùtajà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pánẹ́ẹ̀lì yín ló níṣòro. Ọjà wa kì í ṣe ayédèrú." Ó ní tí mo bá fẹ́ kí ó dá mi lójú, kí n ra ìkejì kí n fi wé e. Ìkejì! Ní ₦12,000!

Mítà ló tú àṣírí. Mo yọ ẹnu bátìrì kan, mo fi mítà sáàárín, mo sì ka iye iná tí pẹ́dà ń jẹ nígbà tí IC wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo yọ IC, mo tún kà á. Ohun tó fi dín kù ni IC ń jẹ. 4558 gidi máa ń jẹ nǹkan bíi 2 sí 3mA (milliamp, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn). TL072, IC orin mìíràn, kò jìnnà sí i. NE5532, òun náà IC orin, jẹun jù wọ́n lọ, ó lè jẹ tó 8mA. Èyí tí mo fi owó iyebíye rà kò jẹ tó 1mA. Mo wá ki òwú bọ omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, mo fi í nu orí IC. "JRC4558D" bá òwú lọ. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí pé ọ̀dà lásán ni wọ́n fi tẹ orúkọ sórí àwọn IC gidi kan láti ilé iṣẹ́. Àmọ́ lábẹ́ ọ̀dà yẹn, bí mo ṣe yí i síbi ìmọ́lẹ̀, àpá sáńpépà ló kún orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ sọ́nà kan. Wọ́n ti ha orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ dànù.

IC wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti 4558 mu, tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó sì máa ń hẹrẹ tí ohùn bá kéré? LM358 ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ó dára fún ṣájà àti sẹ́ńsọ̀. Tí orin bá dé, ó di ọ̀ràn. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ń kúrò nínú títi iná jáde bọ́ sí fífà á wọlé, àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò mọ bí yóò ṣe fò ó. Ohùn ńlá á bo àlàfo yẹn mọ́lẹ̀. Ohùn tó ń kú lọ ò lè bò ó. Mo ní LM358 kan lára ṣájà tó ti bàjẹ́, mo yọ ọ́, mo fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì: ariwo kan náà, iye mA kan náà. Ohun tí mo fi ₦12,000 rà nìyẹn.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nínú àpótí abẹ́ tábìlì mi, pánẹ́ẹ̀lì home theatre àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo ti fẹ́ gbé sọnù tipẹ́. 4558 méjì ló jókòó síbi tí wọ́n ti ń yí béèsì àti tírébù. Àìmọye áńpílífáyà olówó pọ́ọ́kú, míkísà àti ẹ̀rọ karaoke ló ní in nínú. Mo fa ọ̀kan yọ, mo tì í bọ pẹ́dà, ohùn mi sì padà wá, ó mọ́ tónítóní títí dé ìparí. Ọ̀fẹ́!

Inú tó bí mi yẹn ni kò jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀. Mo ra TL072 àti NE5532 nílùú níbí, mo gbé looper mi, ẹ̀rọ tó ń gba orin tó sì ń tún un kọ léraléra, síwájú pẹ́dà, mo gba orin kúkúrú kan sínú rẹ̀ kí ó lè máa jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ń lu okùn, mo sì dọ́gba ìró wọn. Ẹni tó ń lu gìtá béèsì fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ń pààrọ̀ IC, ó ń sọ èyí tó rò pé ó jẹ́. Ó kọ́kọ́ dáhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nígbà tó yá ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó tún yá ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò pààrọ̀ nǹkan kan níbẹ̀ yẹn jàre." Èmi náà, bí mo bá mọ èyí tó wà nínú rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìyàtọ̀; bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ náà á pòórá. Ohun kan ṣoṣo tí NE5532 ṣe tó hàn ni pé bátìrì tètè kú.

Bí wọ́n ṣe to pánẹ́ẹ̀lì náà ló fà á tí ìyàtọ̀ kò fi sí. Nínú Tube Screamer, ìlàjì IC ló ń gbé ohùn sókè, ìlàjì kejì ń bójú tó bọ́tìnnì tone. Rẹsísítọ̀ 4.7k àti kapásítọ̀ 0.047µF ti dín béèsì tó wà lábẹ́ nǹkan bíi 720Hz kù kí overdrive tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn imú tí gbogbo wa mọ̀ yẹn ti wá. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì drive dé òpin, ó ń sọ ohùn di ìlọ́po bíi 118. Bí ìlọ́po bá jẹ́ ẹyọ kan péré, 4558 lè gbé ohùn tó ga tó 3MHz. Ẹ fi 118 pín in, ó ṣì ku bíi 25kHz, etí ọmọ ènìyàn kì í sì í kọjá 20kHz. Kapásítọ̀ 51pF tó wà níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn òkè láti nǹkan bíi 5.7kHz pàápàá. Dáyọ́ọ̀dù méjì ló tún ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ ní bíi 0.6V, nítorí náà IC kì í sáré rárá. 4558 lè yára dé 1V láàárín µs kan (ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá); iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. TL072, tó lè sá tó 13V, kò rí ibi kankan sáré sí. Kí IC ṣáà ti jẹ́ ti orin, kó má hẹrẹ, ó parí.

Mi ò sọ pé IC kì í ṣe nǹkan kan níbikíbi o. RAT, pẹ́dà gìtá mìíràn, yàtọ̀. LM308 ni wọ́n fi ṣe ti àtijọ́, IC tó lọ́ra gan-an, nǹkan bíi 0.3V láàárín µs, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí ó gbé ohùn sókè ju ìlọ́po 2,000 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dáyọ́ọ̀dù wà, kò sí ohun tó ń dá a dúró, á gbé ohùn lọ kan òrùlé àti ilẹ̀. Níbẹ̀, ìlọ́ra IC wà nínú ohùn náà. Bí ẹ bá fi èyí tó yára sí i, òkè á mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wá LM308 fún RAT mọ ohun tó ń wá. Ẹ má kàn fi 4558 rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ní: op-amp (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn sókè) kan ló wà nínú LM308, méjì ló wà nínú 4558, ẹsẹ̀ wọn ò bára wọn mu.

Bí mo bá ní kí n tún ₦12,000 yẹn ná, dáyọ́ọ̀dù ni mo máa fi rà, á sì ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Mo yọ dáyọ́ọ̀dù kékeré méjèèjì, mo fi LED pupa méjì sípò wọn. Ẹni tó ń lu gìtá béèsì yìí kan náà yíjú padà kí n tó béèrè. Ìró ga sókè, ohùn ṣí sílẹ̀, gìtá ń dáhùn bí mo bá lù ú pẹ̀lẹ́ tàbí tí mo bá lù ú gan-an, torí pé LED kì í tẹ ohùn mọ́lẹ̀ títí yóò fi dé bíi 1.7V. Mo wá fi 0.1µF rọ́pò 0.047µF, ibi tó ti ń gé béèsì sì sọ̀kalẹ̀ sí bíi 340Hz. Ohùn imú dín kù, ìlà gìtá tí mò ń fà nínú highlife wá ní ikùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi sí àwọn ibi wọ̀nyí pẹ̀lú, ẹ ó lè máa dán wọn wò láìdá pánẹ́ẹ̀lì lóró.

Olùtajà ò dá owó padà; ó ní òun kì í gba ọjà tó ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. TL072 ló wà nínú pẹ́dà náà báyìí, torí pé ọwọ́ mi bà á lọ́jọ́ tí mo ń pa á dé. Mo ti lẹ téèpù pupa mọ́ ẹnu iná rẹ̀, mo kọ "9V, ẸNU ÀÁRÍN NẸ́GẸ́TÍÌFÙ" sí i gàdàgbà, mo sì ti mú ọmọ yẹn wá síwájú rẹ̀ pé kó kà á sókè.