Bí Olórin Ṣe Lè Fi Orin Ṣe Iṣẹ́ Òòjọ́ ní Ìlú Kékeré

Olórin tó ń gbé ìlú ńlá lè ṣeré lálẹ́ mẹ́ta léra wọn fún èrò mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí. Ní ìlú kékeré, irú èyí ṣòro. Ẹni tó gbọ́ orin yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹ ó bá pàdé lọ́jà ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ rẹ̀ lè wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ yín, òun fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ àbúrò ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí ẹ fẹ́ lò ní oṣù tó ń bọ̀. Orí ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbà yín dúró lé: àwọn ènìyàn kan náà ni ẹ ó máa kọrin fún, àwọn olórin kan náà ni ẹ ó sì máa bá ṣiṣẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohun èlò kankan, ẹ jókòó kí ẹ kọ gbogbo ibi tí orin ti lè dún ní ìlú yín sílẹ̀: ilé ìtura, ibi ìgbafẹ́, gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn, àti ilé àwọn tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ. Ní ìlú kékeré, àkọsílẹ̀ náà kì í gùn. Ẹ wá ro ó bí ẹ ṣe lè yí i ká láìjẹ́ kí ojú yín sú àwọn ènìyàn. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣeré ní ibi kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú orin kan náà, kò ní pẹ́ di ohun tí a lè pa tì títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń sáré lọ wo ohun tí kò ní lọ síbì kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà kọjá láàárín eré méjì níbì kan náà, kí orin tuntun méjì tàbí mẹ́ta sì wà nínú èyí tó bá tẹ̀ lé e. Bí ẹni tó ni ibẹ̀ bá fẹ́ kí ẹ máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lè yí bí ẹ ṣe ń ṣe é padà: ẹni méjì péré lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú gìtá kan, gbogbo ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdánrawò oríṣi méjì ló wà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í sì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀, níbi tí yóò ti mọ ipa tirẹ̀ ní àmọ̀dunjú. Èkejì ni ti gbogbo ẹgbẹ́, níbi tí a ti ń so àwọn ipa wọ̀nyẹn pọ̀. Ẹni tó bá wá kọ́ ipa tirẹ̀ níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ ń jẹ àkókò àwọn yòókù, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti ibi iṣẹ́ mìíràn wá tí ó ti rẹ̀ wọ́n. Nínú ilé, ẹ máa fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìwọ̀n ìlù ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ má sì yára sí i títí tí ẹ ó fi lè ṣe ibi tó ṣòro náà ní àṣetúnṣe láìṣàṣìṣe. Bí ẹ bá ti pé jọ, ẹ yí gbogbo ohun èlò sí ohùn kan. Èyí tí ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé, fọwọ́ sí ní ọdún 1975 ni pé kí ohùn A tó wà lókè C àárín dùùrù máa mì ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun náà sì ni ẹ ó rí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń yí ohùn gìtá. Ẹ fi fóònù gba ohùn ìdánrawò sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì tí etí yín ti sinmi, nítorí àṣìṣe tí a kò gbọ́ nígbà tí a ń ṣeré máa ń fara hàn gedegbe nígbà náà.

Ohun kan wà tí ìlú kékeré fi yàtọ̀ gédégédé: onílù kan ṣoṣo lè wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta, nítorí pé kò sí onílù mìíràn tó dáńgájíá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ kọ gbogbo orin yín sínú ìwé kan: orúkọ orin, ohùn tí a fi ń kọ ọ́, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí ègbè wọlé, àti bí ó ṣe parí. Pẹ̀lú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá yín ṣe rí lè bọ́ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Kí àwọn olórí ẹgbẹ́ sì máa sọ ọjọ́ eré fún ara wọn ṣáájú, kí ẹgbẹ́ méjì má baà pín èrò kékeré tó wà nílùú sí méjì ní alẹ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń tú ẹgbẹ́ ká ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà kan rí tí a jọ ṣeré fún ọdún mẹ́ta, tí a sì pínyà nítorí owó ọkọ̀: ọkùnrin tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó ohun èlò kò sọ̀rọ̀ rárá, àwa náà kò béèrè, títí ọjọ́ tí ó fi bínú tí ó sì já wa sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé ìjíròrò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá ti yanjú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí a kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ àti epo kúrò nínú owó tó wọlé, kí a yọ ìdá kékeré kan sínú àpò ẹgbẹ́ fún okùn gìtá, wáyà àti àtúnṣe, kí a sì pín èyí tó kù ní ọgbọọgba, àyàfi bí a bá ti fẹnu kò sí nǹkan mìíràn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín in ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, lójú gbogbo ènìyàn.

Pẹ̀lú ẹni tó pè yín, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ìwé lọ́yà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹni kejì fèsì sí pé òun gbà ti tó ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kí ó sọ ọjọ́, ìgbà tí ẹ ó dé, ìgbà tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí, ẹni tí yóò pèsè sípíkà àti iná, iye owó, iye tí yóò san sílẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó náà bí ó bá fagi lé eré nígbà tí ọjọ́ ti kù díẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò lè san àsansílẹ̀ kankan ti ń sọ nǹkan fún yín nípa bí ìyókù yóò ṣe rí.

Nípa eré ọ̀fẹ́, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ó dára láti ṣe é fún ẹni tí òun náà kò rí èrè nínú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ilé ẹ̀kọ́ tàbí aláìsàn tí ìlú ń dáwó fún. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó pè yín bá ń ta ọjà lórí orin yín, kí ó san owó. Olórin tó bá ń ṣeré ọ̀fẹ́ fún oníṣòwò ń já owó gbogbo olórin ìlú náà walẹ̀, nítorí pé oníṣòwò kejì yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí owó eré kò bá sì tó gbọ́ bùkátà, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ wa, kí ojú má ti yín láti ní iṣẹ́ mìíràn. Kíkọ́ àwọn ọmọdé ní ohun èlò orin ni mo fẹ́ràn jù láàárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń mú owó tó ṣeé gbọ́kàn lé wá, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn àti òbí wọn sì ni èrò yín lọ́la.

Ní ọjọ́ eré, ẹ tètè dé. Nínú àpò tí kì í kúrò lára yín, kí okùn gìtá tuntun wà, wáyà méjì tó lé, bátìrì, fíúsì, téèpù tó nípọn, àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ tan míksà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po ohùn gbogbo pọ̀, kí ẹ tó tan sípíkà. Bí ẹ bá ń pa wọ́n, sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí ariwo òjijì má baà bà á jẹ́. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù nínú yàrá kékeré ni ti sípíkà tó ń súfèé. Ohun tó ń fà á ni pé ohùn tó jáde láti inú sípíkà tún wọ inú máìkì, ẹ̀rọ bu agbára kún un, ó tún jáde, ó tún wọlé, títí tí ohùn kan yóò fi borí gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé sípíkà ńlá síwájú máìkì, kí ó kọjú sí èrò. Ẹ súnmọ́ máìkì dáadáa kí ẹ lè dín agbára rẹ̀ kù. Bí ó bá jẹ́ irú máìkì tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, ẹ gbé sípíkà kékeré tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ má sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máìkì, nítorí pé ìyẹn ń sọ ọ́ di ohun tó ń gbọ́ ibi gbogbo.

Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ìlù kò nílò máìkì rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ohun tó kéré jù lóhùn, ìyẹn ohùn ènìyàn, kí ẹ sì mú gbogbo ohun yòókù wálẹ̀ sí i. Bí akọrin bá ní láti pariwo kí ó tó borí gìtá, gìtá ló ṣẹ̀. Ẹ rántí pé ara àti aṣọ ènìyàn ń gba ohùn mọ́ra, pàápàá ohùn tó tínrín, nítorí náà ohun tó dún gan-an nínú yàrá òfìfo yóò rọlẹ̀ bí èrò bá ti kún. Ẹ dúró súnmọ́ ara yín pẹ̀lú. Nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí onílù bá fi mítà 10 jìnnà sí akọrin, ìlù yóò ti pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé etí rẹ̀, ìyẹn sì tó láti mú kí orin fà sẹ́yìn. Ní ti gìtá, bí wáyà rẹ̀ bá gùn ju nǹkan bíi mítà 6 lọ, ohùn tó tínrín nínú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù.

Etí ni mo fẹ́ kí ẹ ka ibi yìí dáadáa fún, nítorí mo ti rí àwọn olórin tó dára tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn mọ́ kí wọ́n tó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ìlànà tí àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni pé kí ènìyàn má ṣe wà nínú ariwo tó jẹ́ decibel 85 (decibel ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ariwo bá sì ti fi decibel 3 lé sí i, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i pé ní decibel 100, tí ìlù inú yàrá kékeré lè dé, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Àwọn irun tín-ín-tìn-ín inú etí tí a fi ń gbọ́rọ̀ kì í hù padà nínú ènìyàn bí wọ́n bá ti kú. Ẹ ra ohun tí a fi ń dí etí, irú èyí tí a ṣe fún olórin, èyí tó ń dín ohùn kù lọ́gbọọgba láìjẹ́ kí orin dà bí ẹni pé ó wà nínú ìkòkò, kí ẹ sì máa lò ó níbi ìdánrawò pẹ̀lú. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn eré, ẹ fún un ní ìsinmi, kí ẹ sì mọ̀ pé ariwo ti pọ̀ jù. Akọrin tí ohùn rẹ̀ bá ti há kí ó mu omi kí ó sì dákẹ́. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kò dà bí ìsinmi fún ọ̀nà ọ̀fun.

Bí ẹ bá jọ ṣẹ̀dá orin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ló ṣẹ̀dá ohùn rẹ̀, àti ìpín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, nígbà tí orin náà kò tíì pa owó kankan tí ẹnikẹ́ni lè jà sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe ọdún 1908 sí Àdéhùn Berne, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ṣẹ̀dá iṣẹ́, ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́ kò dúró de ìforúkọsílẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀. Bí orin náà bá ti wà ní àkọsílẹ̀, ó rọrùn fún ẹni tó ni ín láti fi ẹ̀rí hàn. Síbẹ̀, ẹ darapọ̀ mọ́ àjọ tó ń gba owó fún àwọn olórin ní orílẹ̀-èdè yín, nítorí pé òun ló lè gba owó tí ilé iṣẹ́ rédíò àti gbọ̀ngàn jẹ yín. Orin tí ẹ bá gbà sílẹ̀ fún títà, kí ẹ gba nọ́ńbà ISRC tirẹ̀, tó jẹ́ àmì 12, kí a lè máa tọpa rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti lò ó.

Ẹ máa lọ sí eré àwọn ẹlòmíràn. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ jókòó títí wọn yóò fi parí, kí ẹ sì yá wọn ní sípíkà bí tiwọn bá bàjẹ́. Ẹ ṣe ìkéde eré yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ pe àwọn ènìyàn lórí fóònù pẹ̀lú. Ní ìlú kékeré, ẹni tí a pè ní orúkọ ló ń wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín lálejò, ẹ nu okùn gìtá, ẹ ká wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì ya èyí tó ń já sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín pé orin wo ni èrò dìde sí, àti èyí tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kí ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.