Iyàn òṣèlú: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba Lágere n'Ilé-Ifẹ̀ níbí kọjá láàárọ̀, ẹ á ti rí àwọn bàbá tó máa ń pagbo yí tábìlì oníwèé ìròyìn ká, àwọn tó jẹ́ pé àkọlé iwájú ìwé ni wọ́n ń kà, wọn ò ní rà á, oníwèé á kàn máa wò wọ́n ṣáá ni, kò lè lé wọn torí ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ò jìnnà síbẹ̀. Láti bí aago méje ààbọ̀ ni iyàn ti ń wọlé wá bá mi, subsidy, náírà, gómìnà, ìbò, owó oṣù, títí dórí ọmọ ta ló fẹ́ ọmọ ta. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ti wá mọ̀ pé ẹni tóhùn ẹ̀ ròkè jù kọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń rọra sọ ọ́ bíi pásítọ̀ náà lè máa tàn yín jẹ. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ kọ́kọ́ má jẹ̀ẹ́ kí "mo fara mọ́ ọn" àti "ọ̀rọ̀ yìí lágbára" di nǹkan kan náà lọ́kàn yín. Ó nira o, èmi gan-an ṣì ń bá a jà. Ẹnì kan lè sọ ohun témi náà ti gbà gbọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́, kó wá jẹ́ pé ìdí tó gbé wá, téèyàn bá fẹsẹ̀ ta á báyìí, ó ti ṣubú. Tẹ́nu yín bá ti fẹ́ pariwo "òótọ́ ọ̀rọ̀!" kí ẹni yẹn tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ tètè fura síra yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ohun tó ní ká gbà, kẹ́ ẹ wá ohun tó ní ó mú òun sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iyàn míì ò ní èkejì rárá, ariwo lásán ni. Èyí tó bá ní, ẹ máa bi í pé ṣé òótọ́ ni ìdí yẹn, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ tún bi í pé tó bá tiẹ̀ jóòótọ́, ṣé ó lè gbé ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí? Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń mú wa jù, torí irọ́ òṣèlú tó ń rìn jìnnà, òótọ́ ni wọ́n fi ń pa á.

Bàbá kan wà láàárín wọn tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n máa pè wọ́n ní Bàbá Tíṣà. Wọ́n ní subsidy epo, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń dín owó epo kù fún wa, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ yẹn dáa fún wa, ìdí ni pé owó tó ń tÀbújá wọlé fáwọn ìpínlẹ̀ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, iye náírà tí wọ́n ń pín lóṣooṣù ti pọ̀ gan-an lẹ́yìn 2023. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdí yẹn lè gbé ò ju "àpò ìjọba wúwo sí i" lọ. Kó tó dé "ó dáa fún wa", afárá méjì ṣì kù tí wọn ò tíì kọ́: pé owó yẹn di ọ̀nà, di oògùn lọ́sibítù, di owó oṣù, àti pé ohun tó dà yẹn ju ohun tó kúrò lápò wa lọ. Ká má tíì wá sọ pé náírà fúnra ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, náírà tó pọ̀ kọ́ lowó tó pọ̀. Mi ò sọ pé Bàbá Tíṣà parọ́ o, kí wọ́n kọ́ afárá ni mo ní.

Àwọn apá kejì ńkọ́? Tiwọn ni pé "subsidy tí wọ́n yọ ló sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n." Níbí, iṣẹ́ mi ló là mí lójú. Tí kọ́sítọ́mà bá gbé fóònù wá pé kò gbaná mọ́, á ti sọ fún mi pé bátìrì ló bàjẹ́, kí n pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò kì í jiyàn. Màá kọ́kọ́ yí wáyà ṣájà padà, màá fi abẹ́rẹ́ gbọn ìdọ̀tí inú ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ (ẹ ò lè gbà gbọ́ iye òwú tó ń jáde níbẹ̀), màá wá fi mítà wo bátìrì, lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò ní yí méjì padà pọ̀ torí tó bá wá gbaná, mi ò ní mọ èyí tó ṣe é. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023. Ọjọ́ 29 oṣù May ni Tinubu sọ níbi ìbúra pé subsidy ti lọ, kóṣù yẹn tó parí NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, ti gbé owó epo láti ohun tí ò tó 200 náírà sórí 488 títí dé 557, bó bá ṣe rí lápá ibi tẹ́ ẹ wà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, láàárín June, CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tún tú náírà sílẹ̀ kó lọ máa wá iye ẹ̀ fúnra ẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 ní báńkì ti kọjá 1,400 nígbà tó máa fi di February 2024. Ẹ rí i? Wáyà àti bátìrì, wọ́n yí méjèèjì padà pọ̀. Ẹni tó bá ní subsidy nìkan ni, tàbí tó ní náírà nìkan ni, àbá ló ń dá.

Ohun téèyàn lè ṣe ni kó wá nǹkan tí ọ̀kan kàn tí èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Owó mọ́tò Ifẹ̀ sí Iléṣà, epo ló ń lò, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ subsidy náà ló gbéra. Sikíríìnì fóònù tí mò ń rà l'Ékòó, China ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ọ̀sẹ̀ yẹn iye tí mò ń rà á tẹ́lẹ̀ ni mo ṣì rà á, ìgbà tí dọ́là wá fò ló di pé mi ò lè dá iye fún kọ́sítọ́mà láìkọ́kọ́ pe Èkó. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló lù wá, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lèyí ṣá o, kò lè dúró ní kọ́ọ̀tù, àmọ́ ó sàn ju ariwo lọ.

Ìṣirò ló máa ń mú àwọn tó kàwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 iyàn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà nídìí tábìlì yẹn. NBS, àjọ tó ń rí sí ìṣirò lórílẹ̀-èdè wa, kéde pé inflation, ìyẹn bí owó ọjà ṣe lé sí i láàárín ọdún kan, ti January jẹ́ 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ti December 2024 tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ 34.80. Àwọn kan ní ẹ rí i, nǹkan ti ń rọ̀, mẹ́wàá odindi ló já wálẹ̀ láàárín oṣù kan. Àwọn tó kù ní irọ́ gbuu ni, ṣé gàrí wálẹ̀ lọ́jà ni? Ọjọ́ yẹn ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí mo jáde sí wọn, torí apá méjèèjì ló gbé e gbòdì.

Kóńgò tí wọ́n fi wọn December kọ́ ni wọ́n fi wọn January. NBS ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò náà ni, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì dín ibi tí oúnjẹ kó nínú ẹ̀ kù. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń lọ sọ́jà mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí ẹ̀ wọnú àti èyí tídìí ẹ̀ tẹ́jú, wọn kì í ṣẹgbẹ́. Ìyẹn ò wá sọ pé jìbìtì ni wọ́n ṣe, èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó lóòótọ́, ohun tí à ń rà ní 2009 kọ́ là ń rà nísinsìnyí, ẹ wo owó data nìkan. Àmọ́ ẹni tó bá yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, tó wá ní mẹ́wàá ló já, kò mọ ohun tó ń yọ. Fáwọn apá kejì, mo mú bíró, mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí fóònù: kóńgò gàrí kan 1,000 náírà, ká ní ó fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dún yìí, ó di 1,300, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó fi 20 péré lé sí i, ó di 1,560. Inflation ti wálẹ̀ láti 30 sí 20, gàrí ṣì ń gòkè lọ, ó kàn ń rọra gùn ún ni. Oníwèé gba páálí yẹn lọ́wọ́ mi, ó lẹ̀ ẹ́ mára tábìlì, òjò ló padà bà á jẹ́.

Iye kan náà sì lè máa sìn ọ̀gá méjì. Ẹ rántí ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti 2018. Ní 22 September, Adeleke ti PDP fi ìbò 353 ṣáájú, wọ́n ní kò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 27 ní ibùdó ìdìbò méje péré, méjì nínú ẹ̀ wà ní Ife South, ọ̀kan ní Ife North, Oyetola ti APC wá fi 482 borí. Ẹnì kan á ní ẹ wò ó, ìbò ẹyọ kan ò kéré, ẹ lọ dìbò. Ẹlòmíì á mú 482 kan náà pé ẹ wò ó, wọ́n á gbé e síbi tí wọ́n bá fẹ́ ni, ẹ jókòó sílé. Ohun tí 482 lè gbé ni pé àdúgbò kékeré kan tó bá sùn sílé lè yí ìbò padà. Bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́, 482 ò lè sọ ìyẹn, ẹ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdó méje yẹn àtohun tí kọ́ọ̀tù rí, ẹjọ́ náà sì dé Supreme Court tó dá Oyetola láre ní July 2019. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jà á níyàn, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá ní "gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́," èmi á rántí iyọ̀. August 2014, nígbà Ebola, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní nǹkan bí aago méjì òru pé kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí n sì mu díẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Èèyàn mẹ́sàn-án ló pè mí, màmá mi ló ṣìkẹta, láti Iléṣà. Mo wẹ̀, mo mu, inú mi dàrú dọ̀sán. Ìròyìn sì padà jáde pé iyọ̀ yẹn dá àwọn kan dúró sílé ìwòsàn, pé àwọn kan tiẹ̀ kú sí i. Nígbà tí mo wá bi àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé ta ló sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n kan ló pè mí, ọ̀rẹ́ kan ló pè mí, kò sẹ́ni tó débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Igbá mẹ́sàn-án, kànga kan. Látìgbà yẹn, kànga ni mò ń kà, mi ò ka igbá mọ́. Fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà, ẹ fi Google Lens wá a, ó máa yà yín lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti yà á ní ìlú míì.

Àwa Yorùbá tún ní tiwa, òwe. Tẹ́nì kan bá ti pa á, gbogbo orí á máa mì, iyàn parí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ká fún ìjọba láyè á ní sùúrù ni baba ìwà, ẹni tó fẹ́ ká dìde á ní ìjáfara léwu, méjèèjì dùn létí, àwọn bàbá wa kan náà ló fi sílẹ̀ fún wa, kò sì séyìí tó lè sọ fún wa pé tòní rèé. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹṣin ò mọ̀ bóyá ibi tí wọ́n ń gùn ún lọ dáa. Nítorí náà màá ní "ẹ ó pa òmíràn sà," màá wá bèèrè pé sùúrù títí dìgbà wo, kí la sì máa rí tá a fi máa mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kí n pààrọ̀ orúkọ. Nígbà tí Oyetola kọ́ bíríìjì Ọláìyá l'Óṣogbo, àwọn kan dúró nídìí tábìlì yẹn, wọ́n ní ìnákúnàá ni, ebi ń paráàlú ẹ̀ ń kọ́ bíríìjì. Adeleke dé, òun náà gbé bíríìjì tiẹ̀ kalẹ̀, ẹnu kan náà wá ní ìdàgbàsókè ti dé, àwọn tó sì ń pe ti Ọláìyá ní ìdàgbàsókè wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ebi ń paráàlú. Ẹ mú gbólóhùn náà, ẹ yọ orúkọ inú ẹ̀, ẹ fi tẹni tẹ́ ẹ ò fẹ́ràn sí i, kẹ́ ẹ tún un kà. Tí ò bá dùn mọ́, orúkọ lẹ gbà, ẹ ò gba ìdí. Ìyàtọ̀ lè wà o, iye owó lè yàtọ̀, iye ọkọ̀ tó ń gbabẹ̀ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìyàtọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ síta.

Ó wá ku béèyàn ṣe máa bèèrè lọ́wọ́ àgbà láìgba àbàrá. Ẹ má sọ pé "ẹ̀rí dà?", wọ́n á ní wọn ò tíì bí yín nígbà táwọn ti ń dìbò. Èmi á ní "ẹ forí jì mí sà, mo fẹ́ kọ́gbọ́n ni, níbo lẹ ti kà á kémi náà lọ kà á?" Ìbéèrè kan náà ni, fìlà ló dé e. Tí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀yà tẹ́ ẹ jẹ́ tàbí ilé tẹ́ ẹ ti wá dípò kí wọ́n dáhùn, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín, ní Ifẹ̀ níbí pàápàá a mọ ibi tírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbé wa dé rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Bàbá Tíṣà wọlé tọ̀ mí wá, fóònù wọn ò gbaná, wọ́n ní bátìrì ni, àwọn ti mú owó ẹ̀ dání. Mo ní ẹ jẹ́ n wò ó ná sà. Mo ki abẹ́rẹ́ bọ ihò ṣájà, mo fa òwú kan jáde, ó tó èékánná. Wọ́n wo òwú, wọ́n wo èmi, wọ́n dá owó wọn padà sápò, wọ́n ní "a ò tíì parí ti subsidy yẹn o."