Àwọn àṣìṣe tí ó ń ba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé orí ẹ̀rọ jẹ́

Ẹ má ka bọ́tìnì títẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé kò ju kí ó tẹ "Tẹ̀síwájú", kí àwòrán yí padà, kí ohùn sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Ìpinnu tí yóò dojú kọ ọ́ ní sáìtì gan-an ni kí ẹ gbé ka iwájú rẹ̀.

Ẹ mú omi inú kọnkéré. Wọn a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ǹtì, yóò yan 0.5, ẹ̀rọ yóò kí i kú iṣẹ́, ó parí. Ẹ kúkú fún un ní àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg kan, kí ó fi ìka fa iye omi tí yóò bù sí i. Lítà 25 ni 0.5, torí lítà omi kan wọn kílò kan. Bí ó bá fà á dé lítà 35, ó ti di 0.7 nìyẹn: kí kọnkéré náà rọ̀ lójú rẹ̀, kí ó sì rí agbára tí yóò ní ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, bí ó ṣe ń já wálẹ̀. Omi púpọ̀ máa ń mú iṣẹ́ rọrùn lọ́wọ́, òun ni wọ́n ṣe ń bù ú. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún un pé òjò pa yanrìn mọ́jú, kí ó yọ omi tó wà nínú yanrìn kúrò nínú èyí tí yóò bù, kí ó tún ìṣirò ṣe. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù lọ nìyí.

"O kò gbà á" nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nínú slump test, ìdánwò tí a fi ń mọ bí kọnkéré tútù ṣe rọ̀ tó, ìpele mẹ́ta ni a fi ń kún kóònù, a ó sì fi ọ̀pá gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25. Ẹni tí ó bá dà á kún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ihò inú rẹ̀ hàn án. Bí kọnkéré bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn tí ó gbé kóònù kúrò, ẹ jẹ́ kí ó tún ìdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe ní tòótọ́. Bí ẹ bá bi í bí a ṣe ń gbé irin kúrò nílẹ̀ kí kọnkéré lè bò ó, ẹ fi èyí sí i: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lábẹ́ irin, tàbí kí wọ́n máa fi ìkọ́ fa irin sókè nígbà tí kọnkéré ti ń wọlé. Ìdáhùn tó pani lẹ́rìn-ín kò dán ẹnikẹ́ni wò.

Àwòrán 3D tí ó kàn ń yí kiri, ìnáwó lásán ni. Kí ó wúlò, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to irin sínú bálíkóní tí kò ní òpó. Ọ̀pọ̀ yóò tò ó sí ìsàlẹ̀. Òkè ni ó yẹ kí irin pàtàkì wà, nítorí òkè ni ó ń fà ya, lẹ́bàá ògiri.

Ẹ má ki odindi àwòrán ilé A1, bébà ńlá nì, sínú fóònù. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ gbé fóònù olówó pọ́ọ́kú síta nínú oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ṣeé kà. Ẹ má fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe, torí àwọn kan kò lè dá àwọ̀ méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Bí ẹni inú fídíò kò bá dé akoto, ẹ tún un yà.