Ṣé Ó Yẹ Kí A Fi Ajá Tàbí Ológbò Sílẹ̀ ní Òun Nìkan Nínú Ọkọ̀?

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yìí kò lọ́jú pọ̀: bí kò bá sí ènìyàn tí yóò jókòó ti ẹran náà, ẹ má ṣe fi í sínú ọkọ̀, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ajá rẹ̀ dénú ni yóò sọ pé òun kò ní pẹ́, pé òun ti ṣí gíláàsì díẹ̀, pé abẹ́ igi ni òun gbé ọkọ̀ sí, tàbí pé oòrùn ọjọ́ náà kò mú. Mo fẹ́ kí a yẹ àwọn àwíjàre wọ̀nyí wò dáadáa, nítorí àwọn gan-an ni ó ń kó ẹran sí wàhálà. Ẹni tí kò fẹ́ràn ajá kì í gbé e jáde rárá.

Ohun tí oòrùn ń ṣe nínú ọkọ̀ tí a tì pa yá ju bí a ṣe rò lọ. Ìtànṣán rẹ̀ ń gba ojú gíláàsì wọlé, ó ń mú kí dáṣíbọ́ọ̀dù àti àga gbóná, àwọn wọ̀nyí á sì máa tú ooru sínú afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀, láìsí ibi tí ooru náà lè gbà jáde. Ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ sí, tí ó jáde ní ọdún 2005, wọn ooru inú ọkọ̀ ní àwọn ọjọ́ tí oòrùn ràn, nígbà tí ìta wà láàrin 22°C sí 36°C. Kí wákàtí kan tó pé, ooru inú ọkọ̀ ti fi nǹkan bí 22°C lé sí i, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó sì ti wọlé láàrin 30 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Àní lọ́jọ́ tí ìta kò ju 22°C lọ, inú ọkọ̀ lè dé 47°C. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú gíláàsì tí wọ́n ṣí díẹ̀, ìyàtọ̀ tó mú wá kò tó nǹkan.

Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ ibòji náà wò. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Arizona State University, ní Amẹ́ríkà bákan náà, gbé èsì àyẹ̀wò kan jáde, níbi tí wọ́n ti gbé àwọn ọkọ̀ kan sí oòrùn, tí wọ́n sì gbé àwọn mìíràn sí ibòji ní àwọn ọjọ́ tí ooru mú gidigidi. Lẹ́yìn wákàtí kan, inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn tó 47°C, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì tó 69°C. Inú èyí tó wà níbòji ṣì tó nǹkan bí 38°C. Ibòji ń ṣe ìrànwọ́, mi ò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kì í dúró sójú kan, ibi tí òjìji igi wà nígbà tí ẹ wọlé lè ti di gbangba oòrùn kí ẹ tó jáde.

Ara tiwa ni a máa ń fi díwọ̀n ara ẹran, ibẹ̀ sì ni a ti ń ṣì í. Bí ooru bá mú wa, gbogbo ara ni a fi ń làágùn. Ajá kì í làágùn bẹ́ẹ̀, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ni ó fi ń lé ooru jáde, nítorí omi tó ń gbẹ lórí ahọ́n àti lẹ́nu rẹ̀ ni ó ń tu ú lára. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú bá gbẹ, tí ó sì tutù ju ara rẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ tí a tì, ọ̀rinrin èémí òun fúnra rẹ̀ ni yóò kún ibẹ̀, débi pé bó ṣe ń gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ là ni yóò máa ba afẹ́fẹ́ tó kù jẹ́. Ooru ara ajá tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàrin 38.3°C sí 39.2°C, bí ó bá ti kọjá 41°C, ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun rẹ̀ ti wà nínú ewu.

Àwọn ajá tí imú wọn tẹ̀ wọlé, bíi bulldog àti pug, àti ológbò Persian, ni ooru ń tètè bá fínra, nítorí ọ̀nà èémí wọn kò gbòòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá tó ti darúgbó, ọmọ ajá, èyí tó sanra jù àti èyí tí àìsàn ọkàn ń bá jà. Ológbò kì í sábà pariwo. Ó lè rọra káwọ́kò sábẹ́ àga, nítorí náà bí ẹ bá rí i tó la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ ti le. Ní ti ehoro, etí ni ó fi ń tú ooru dànù jù, ooru a sì máa tètè pa á.

Àwíjàre pé a kò ní pẹ́ ni mo kà sí ewu jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú náà kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹ wọlé láti ra nǹkan kan ṣoṣo, ẹ bá èrò lórí ìlà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó kọṣẹ́, wọ́n ní kí ẹ dúró kí ọ̀gá dé. Ojúlùmọ̀ tí ẹ ti rí tipẹ́ sì dì mọ́ yín. Kò sí ìkankan nínú èyí tí ẹ fọkàn sí nígbà tí ẹ ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Fífi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ kò yanjú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lè kú láìròtẹ́lẹ̀. Ajá lè fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Olè lè gbé ọkọ̀ àti ẹran lọ pọ̀. Nínú gáréèjì tí a tì, èéfín ọkọ̀ a máa pa ènìyàn, a sì máa pa ẹran. Ní ọdún 2019, Tesla, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná mànàmáná, fi ètò kan tí wọ́n pè ní Dog Mode sínú ọkọ̀ wọn, tí ń jẹ́ kí amúlétutù máa ṣiṣẹ́, tí ó sì ń gbé ìwọ̀n ooru sójú ẹ̀rọ kí ẹni tó ń kọjá lè rí i. Ó sàn ju kí a ti ẹran mọ́nú ooru lọ, ṣùgbọ́n bátìrì àti ẹ̀rọ ni ó gbára lé, mi ò sì ní fi í rọ́pò ènìyàn láé. Òtútù náà kò ṣeé fojú di: ọkọ̀ tí a ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pẹ́ tutù bí ìta.

Ilé ni a ti ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí a tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ẹ ka gbogbo ibi tí ẹ ó yà sí lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gba ẹran wọlé. Bí ẹyọ kan bá wà tí kò ní gbà á, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bá yín lọ, ẹ fi ẹran náà sílé pẹ̀lú omi tó tó, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó lè sunkún lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnìkan á dúró tì í lábẹ́ ibòji, èkejì á lọ ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ní ìrìnàjò jíjìn, ẹ máa pààrọ̀ ara yín lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì gbé omi, abọ́ àti okùn ajá dání. Ìgbàgbé náà wà, nítorí ajá tó ti sùn lẹ́yìn ọkọ̀ kì í fọhùn: ẹ fi báàgì tàbí fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ má baà lè kúrò nídìí ọkọ̀ láìṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Bí ó bá jẹ́ ẹran ẹlòmíràn ni ẹ rí, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa láti ojú gíláàsì. Bí ara rẹ̀ bá ṣì balẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ ní kí àwọn ilé ìtajà tó wà nítòsí kéde fún ẹni tó ni ín, kí ẹnìkan sì dúró nídìí ọkọ̀. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí erìgì rẹ̀ pọ́n ju bó ti yẹ lọ, tí ó ń bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, tàbí tí gìrì mú un, ẹ pe ọlọ́pàá tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Òfin lórí fífọ́ gíláàsì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017 dáàbò bo ẹni tó fọ́ ọ láti yọ ẹran tó wà nínú ewu, bí ó bá ti rí i pé ilẹ̀kùn tì, tó ti pe àwọn agbófinró, tí kò lo agbára ju bó ti yẹ lọ, tó sì dúró títí wọ́n fi dé. Ibi yòówù kí ẹ wà, ìlànà yìí bọ́gbọ́n mu: ẹ dán gbogbo ilẹ̀kùn wò ná, ẹ ya fọ́tò, ẹ wá ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì fọ́ gíláàsì tó jìnnà jù sí ẹran náà.

Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ tu ara rẹ̀ ná kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ gbé e síbòji, ẹ máa da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, nítorí omi àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ni ó ń yọ ooru. Ẹ má ṣe fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀, nítorí aṣọ náà á gbóná, á sì há ooru mọ́ ọn lára. Bí ó bá lè dá mumi, ẹ gbé díẹ̀ síwájú rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ kò bá dá, ẹ má ṣe rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ pe dókítà lójú ọ̀nà kí wọ́n lè múra sílẹ̀, kí ẹ sì sọ àkókò tí ẹ rí i, àwọn àmì tí ẹ rí àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i lára. Bí ó bá tilẹ̀ dìde tó ń jùrù, ẹ ṣì gbé e lọ, nítorí ìbàjẹ́ tí ooru ṣe sí kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ lè má fara hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.