Bí mo ṣe se ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò Ojúde Ọba

Àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Èkìtì kan àti ọmọ Ẹ̀dó kan, ni wọ́n ní àwọn fẹ́ wá wo ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ló máa ń bọ́ sí, ẹran àgbò ṣì máa ń wà nílé dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni wọ́n ti lè jẹ ẹran. Ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ewùrà àwa Ìjẹ̀bú, ni mo fẹ́ kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹja ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ọmọ etí ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìwòpin, ìdí nìyẹn tí ẹja fi pọ̀ nínú ọbẹ̀ wa. Mo lọ sí ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ní kùtùkùtù, mo ra àrọ̀ yíyan àti edé. Ìyá tó tà á fún mi ṣẹ́ ọ̀kan síbi eegun ẹ̀yìn kí n rí i: inú rẹ̀ gbẹ, kò rin rárá. Àrọ̀ tí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, ọjọ́ méjì ló máa bu.

Ewùrà ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Ẹ má fi isu mìíràn dán an wò, kò ní ṣù. Èyí tó ti pẹ́ nílé dára ju tuntun lọ, torí omi rẹ̀ ti dín kù. Mo bẹ ẹ́, ó yún mi lọ́wọ́ bó ti máa ń ṣe, mo rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu níhò, ojú tó kéré, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kò tún nílò omi.

Ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, pọ̀nmọ́ àti ẹja: nígbà tí wọ́n hó dáadáa, mo fi ọwọ́ ń já ewùrà náà sínú ọbẹ̀ ní kékeré-kékeré. Ibí yìí ni ìkọ́kọrẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Mo ti mú omorogùn nígbà tí màmá mi ké láti ẹ̀yìn:

“Má rò ó! Ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe ọkà.”

Mo dín iná kù, mo dé ìkòkò náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni mo yí i pẹ̀lẹ́. Ìṣù kéékèèké rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, epo ti rin ín.

Àárọ̀ ni mo ti te ẹ̀bà, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó sì kúnná, mo jẹ́ kó tutù. Ẹ̀bà tútù pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná ni tiwa. Ọmọ Èkìtì wo ẹ̀bà náà títí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní mú un gbóná ni?”

Mo ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Omi ìfọwọ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá mi ṣáájú, kó tó yí dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi jẹun. Mo ti sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé kí wọ́n má ṣáájú àgbà bu ẹja, wọ́n sì dúró títí bàbá fi mú tirẹ̀. Ó dùn mọ́ bàbá nínú, òun gan-an ló mú orí àrọ̀ tó tóbi jù fún ọmọ Ẹ̀dó. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ kí màmá mi.

“Ẹ ṣeun mà.”

“Á gba ibi ire o, ẹ̀yin ọmọ mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó múra ọ̀nà, mo bá ọmọ Èkìtì nídìí ìkòkò. Ìkọ́kọrẹ́ àná ti dì. Ó ń fi ṣíbí bù ú jẹ bẹ́ẹ̀, láìgbé e kaná.